Afárá Ìgbà Díẹ̀

Mo lọ wo afárá irin onípákó tí àwọn sójà tò sórí odò ní abúlé kan lẹ́yìn Ajah, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gùn ún, mo wá ń ṣe bí ẹni tó ń wo ẹja, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò níbí, ká máa lọ. Pákó yẹn ti ń jẹrà, ọ̀la náà ni wọ́n á tú u."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó o gbé mi wá. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ mi rìn ín kọjá."

"Pẹ̀lú orúnkún yín yìí?"

"Òun náà ni mo fi rìn ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ìyàwó kì í jókòó sínú mọ́tò gorí ẹ̀, a máa ń sọ̀kalẹ̀ ni. Àwọn èèyàn mi sìn mí dé àárín, wọ́n yí padà. Èmi nìkan ni mo rin ìyókù lọ bá bàbá ẹ."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí. Omi ni mò ń wò láàárín pákó. Nígbà tí àwọn sójà tò ó, wọ́n ní ká fi lo ìgbà díẹ̀ ni, àwọn á wá tú u. Ìgbà díẹ̀ yẹn ni mo fi bí gbogbo yín."

Ọmọ náà na apá fún ìyá rẹ̀, wọ́n gorí afárá. Mo tẹ̀ lé wọn dé pákó kẹta, mo bá rántí pé mo níṣẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, ẹni tó bá ní ìgbà díẹ̀ lòun fẹ́ lò, n kì í tètè gbà á gbọ́.