Gọ́tà Tí Mo Pa Tì Nítorí Òpin Ayé

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n wá jókòó síbí láàárọ̀ yìí nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹ ké Halelúyà kan fún un. Ìyẹn kéré, ẹ tún un ké. Ẹ ṣé o.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí. Èmi ni Bọ̀dá Sámúẹ́lì, télọ̀ tó ń rán sùtánà ní Bẹẹrẹ. Ó tó ìlàjì aṣọ funfun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí tó ti abẹ́ máṣíìnì mi jáde, títí kan èyí tí ọ̀gá akọrin wọ̀ tó ń fún wọn nídodo yẹn. Ẹ má bi mí o, wọ́n sanra sí i ni.

Ìtìjú díẹ̀ wà nínú ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́, torí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Ibi tí ilẹ̀ ti mì tí ilé alájà mẹ́wàá dà wó, ibi tí iná ti ń jó igbó, ibi tí omi ti ń gbé mọ́tò lọ bíi páálí. Wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé òpin ayé ti dé. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Tí mo bá wò ó tán, màá fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń fi tiyín ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé mi ò dáwọ́ lé nǹkan kan mọ́ tó máa ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Òrùlé ń jò, mo ní kí la fẹ́ fi ṣe? Ibi tó wá burú sí ni ti gọ́tà.

Ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, gọ́tà kan ló gba ẹ̀yìn gbogbo ilé kọjá lọ sódò. Láti ayé bàbá bàbá wa ni wọ́n ti pín in. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní apá tiẹ̀. Tó bá di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, kálukú á gbé ṣọ́bìrì, á kó tiẹ̀. Ẹnì kan kì í bá ẹnì kejì kó o, torí tí o bá kó ti ilé kan, bí ìgbà tó o sọ pé kò sí ọkùnrin nílé yẹn ni. Tiwa ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò kó o. Ààwẹ̀ ni mò ń gbà lọ́jọ́ Sátidé bẹ́ẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alàájì Múfútàù, wá bá mi lóṣù kẹta. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Wọ́n ń kírun, èmi ń wọ sùtánà, a jọ ń gbé agboolé náà.

Wọ́n ní, "Sámúẹ́lì, gọ́tà yín ti dí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ni? Jésù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tó ń retí àlejò, ṣé kì í gbálẹ̀ ni?"

Inú bí mi. Mo ní òjò tí Ọlọ́run bá rán, ṣọ́bìrì ò lè dá a dúró. Wọ́n pòṣé, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ó di Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọ̀sán ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, òjò ṣú láti òkè Màpó, ló bá bẹ̀rẹ̀, kò dá mọ́. Omi ń gbé bẹ́ńṣì lọ lójú títì. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Mo ní, Jésù, má gbàgbé mi o. Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn díẹ̀, torí mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. "Omi ti kún yàrá ìyá ẹ! Ilẹ̀kùn ò ṣí! Ibo lo wà?"

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Mo sáré láti Bẹẹrẹ dé ilé nínú òjò yẹn, bàtà mi kan já sọ́nà. Mi ò rántí òpin ayé mọ́ rárá. Àdúrà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi: Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí ìyá mi kú sínú omi.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, omi ti tó mi lórúnkún. Ó ti ti ilẹ̀kùn yàrá màámi pa, irin sì wà lójú fèrèsé. Mo wá rí ẹ̀gbọ́n mi, bàbá tí gbogbo irun orí wọn ti funfun, nínú gọ́tà, ní apá tiwa. Omi dé àyà wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ lásán fa nǹkan. Mo bẹ́ sínú ẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ohun tí à ń fà jáde kì í ṣe ọ̀rá nìkan. Aṣọ funfun ni. Àwọn píìsì tó ń ṣẹ́ kù tí mo bá gé sùtánà ni. Mo ti kó wọn sínú àpò pé màá fi rọ tìmùtìmù, mo tún gbé àpò náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà pé ayé tó ń parí, kí la fẹ́ fi tìmùtìmù ṣe? Àpò ti bẹ́, gbogbo ẹ̀ ti wọnú gọ́tà, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Mo mọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Etí aṣọ yín wà níbẹ̀.

Mo ké, "Jésù, gbà mí!" Ẹ̀gbọ́n mi náà ń pe Ọlọ́run lọ́nà tiwọn. A jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ìdì ńlá kan já, omi sọ gọ̀ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Màámi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, omi ti dé ìbàdí wọn. Wọn ò sunkún, wọn ò pariwo. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Sámúẹ́lì, ṣé ó ti dé ni?"

Èmi ni mo kọ́ wọn. Èmi ni mo fi àwọn fídíò yẹn hàn wọ́n, tí mo ní, tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má pariwo o, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ máa dúró de Jésù. Ìyá mi rí omi tó ń gun bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì dákẹ́, torí ọmọ wọn ní kí wọ́n dákẹ́. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ò gbé mọ́ínmọ́ín wá fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo pọ̀n wọ́n jáde, mò ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wá aṣọ gbígbẹ fún ìyá mi ná.

Àwọn kan ti ń bi mí pé, Bọ̀dá Sámúẹ́lì, àwọn nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ yìí, ṣé kì í ṣe àmì òpin ni? Mi ò mọ̀. Mo ṣì gbà pé Jésù ń bọ̀, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ tó ń mì lókè òkun, Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó wọ yàrá ìyá mi, èmi mọ ìdí ẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fà á jáde.

Màámi wà láàyè! Ikọ́ díẹ̀ ló kù sí wọn lára, wọ́n sì ti ń bú mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹ bá mi yọ̀! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Jésù! Ògo ni fún un!

Ẹ má tíì jókòó o. Bí mo ṣe ń wọlé láàárọ̀ yìí, mo wo gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Koríko ti hù nínú ẹ̀, òjò sì tún ti ń ṣú. Mo gbé ṣọ́bìrì mẹ́rin wá, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi yọ̀ tọkàntọkàn, tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kó bọ́ sùtánà ẹ̀, kó wá mú ọ̀kan. Omi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, yàrá ìyá mi ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ.