Ọlọ́run Kò Jẹ́ Kí N Kan Ihò Pákó Ọkọ̀ Mi Pa

Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ bá mi pariwo ìyìn! Ìyìn fún Ọlọ́run tó ń wá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò wá! Ẹ tún un pè: Ìyìn! Ẹ ṣeun, ará. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Sámúẹ́lì Àkànní ni orúkọ mi. Ará Ìkirè ni mí, ilé iṣẹ́ aṣọ níbí ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi kú. Ibà ni wọ́n pè é. Dókítà jáde sí mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gbẹ́ni. A sa gbogbo ipá wa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò tíì bímọ. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ láti ilé pé, "Máa bọ̀. Kí ló tún kù tí ò ń ṣe l'Ékòó?" N kò lọ. Owó epo ti dé, ilé iṣẹ́ kò sinmi, gbogbo àwọn tí a jọ háyà yàrá ló ti ra rédíò tuntun. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, ariwo rédíò ni yóò pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé, "Àkànní, ṣé o ti dé?" Ìyàwó mi nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ará, ó nira!

Nígbà tí òyìnbó ọ̀gá wa ń padà sílùú rẹ̀, ó fi ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan ta mí lọ́rẹ, nítorí èmi ni mo máa ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tù ú. Etí omi lẹ́yìn Àgọ́, nítòsí Ìsọlọ̀ níbí, ló wà. Láàárín ọkọ̀ náà, ihò tóóró kan wà tí pákó pẹlẹbẹ kan ń gbà wọ inú omi. Pákó yẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí omi kò bá jìn, a ó fà á sókè. Ọjọ́ tí n kò bá níṣẹ́, orí omi ni mo máa ń wà. Níbẹ̀, kò jọ èèyàn lójú pé òun nìkan ló wà.

Ó ṣe, pákó náà là, ihò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo pe Bàbá Ìlàjẹ, àgbà tó ń kan ọkọ̀ létí omi níbẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, yọ ọ́ dànù. Jẹ́ kí n kan ihò yẹn pa. Ọkọ̀ tiwa ò ní irú ẹ̀, a sì ń fi ṣiṣẹ́ jẹun. Bó bá lọ kán nínú afẹ́fẹ́, á fa abẹ́ ọkọ̀ ya."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ láìlò ó ná, kí n wo bó ṣe máa rí."

"Kò burú. Má lọ jìnnà o."

Mo fa pákó sókè, mo so ó. Ọkọ̀ ń fò lórí omi bíi pé kò ní wàhálà kankan! Mo ní, ó parí, a ó kàn án pa. Àfi bí afẹ́fẹ́ ṣe yí padà. Ó ń ti ilẹ̀ fẹ́ wá, ó ń gbá mi lọ síta. Mo yí ìtọ́kọ̀, mo fa ìgbòkun. Imú ọkọ̀ kọjú sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ló ń fi rìn, bí akàn! Mo fi àjẹ̀ wà á títí apá mi fi kú. Ilẹ̀ ń kéré sí i lójú mi. Mo bá ara mi lójú omi gbòòrò, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó kó sìmẹ́ńtì wá ti ń retí àyè láti já ẹrù. Mo kígbe, "Ẹ gbà mí o!" Ọkùnrin kan ń sá aṣọ lókè ọkọ̀ kan. Ó wò mí. Ó juwọ́ sí mi! Ó rò pé mò ń ṣeré ni. Ó sì wọlé.

Ará, mo sunkún. Kì í ṣe ikú ni mo ń sunkún sí. Mò ń rò ó pé, bí mo bá kú báyìí, ta ni yóò kọ́kọ́ béèrè mi? Mo rò ó títí, n kò rí ẹnì kan. N kò mọ àdúrà gígùn gbà. Mo ní, "Jésù, Ìwọ béèrè mi."

Mo wo pákó. Bí mo bá tì í sílẹ̀ tó bá kán, ọkọ̀ á ya. Bí n kò bá tì í sílẹ̀, mo lọ nìyẹn. Mo tú okùn. Mo tì í díẹ̀, ó ń dún. Omi rú wọlé. Mo tì í dópin. Halelúyà! Ọkọ̀ dúró! Ó gbára ró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú. Mo darí sọ́tùn-ún, mo darí sósì, mò ń fi agolo gbọ́n omi, ojú mi kò kúrò níbi tó là. Ó ń gbọ̀n, kò kán. Ẹ bá mi sọ ọ́: kò kán! Nígbà tí mo rí ẹrẹ̀ lábẹ́ omi, mo fà á sókè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà. O ṣé, Olúwa! O ṣé o!

Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Bàbá ti lọ sílé. Nígbà tí mo délé, Ìyá Kúnlé tó ń gbé yàrá kejì ń da omi nù lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ tútù lára.

Nígbà tí mo padà lọ bá Bàbá, ó ti kó ìṣó sílẹ̀. "Ṣé ká kàn án pa?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ bá mi fi ìrókò gbẹ́ pákó mìíràn. Mo fẹ́ máa lò ó."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti bó. Ó ní, "Ìrókò dáa," ó sì mú ayùn.

Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún, ará. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. N kò ní purọ́ nílé Olúwa: yàrá mi ṣì dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé Ẹnì kan ń béèrè mi. Ìwọ tí o bá wà níbí, tó jẹ́ pé bí o bá délé kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ pé níbo lo lọ, Ó ń béèrè ìwọ náà. Má jẹ́ kó sú ọ. Bí a bá sì parí ìsìn, wá bá mi, kí o sọ tìẹ fún mi. Mo ráyè. Mo ráyè gan-an.