Ọwọ́ Tó Wẹ Táyé Ni Kó Wẹ Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi ò rí nǹkan ṣe mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Iléṣà níbí, tí mo bá gbàdúrà tán, ọwọ́ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kànìnkànìn, wọ́n á máa wá ọmọ tí wọn yóò wẹ̀. Àwọn ọmọ ọ̀hún wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, èmi sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Bàbá arúgbó tó ń sunkún nítorí pé kò rí ọmọ wẹ̀, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Téèlọ̀ ni mí. N kò pẹ́ nílé ìwé. Èmi ni mo fi Bíbélì kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbàgbé nǹkan, nítorí ẹni tí kò tètè mọ ìwé kọ, inú orí ló ń kó ohun gbogbo sí. Nínú ilé wa, èmi ni wọ́n máa ń bi pé ta ló bí ta, kí ni oríkì ìyá àgbà, eyín ta ló kọ́kọ́ hù. Ìyàwó mi, Ìyá Bíọ́lá, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Bíọ́lá, tí ẹ bá kú, ta ni yóò rántí pé a wáyé rárá?" Àṣé òun ni yóò kọ́kọ́ lọ! Ilẹ̀ ibojì rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa nígbà tí ìròyìn dé láti Houston pé Bíọ́lá, àkọ́bí wa, ti lóyún, àti pé ìbejì ni.

Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é. Bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ni í lọ tọ́jú ìyá ọmọ àti ọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ìbá lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè wọ bàálù. Mo ní èmi yóò lọ. Ha! Ẹ wá wo ẹ̀rín ládùúgbò! Téèlọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí pé, "Alágbà, ṣé ẹ máa ró ìró nìkan ni, àbí ẹ máa we gèlè mọ́ ọn?" Mo ní ìró kọ́ ló ń wẹ ọmọ, ọwọ́ ni.

Àpátímẹ́ǹtì kékeré kan ní àdúgbò Westchase, ní Houston, ni Bíọ́lá àti Délé ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ìta gbóná bí ẹnu ààrò, inú ilé sì tutù débi pé agbádá ni mo fi ń sùn. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, Táyé obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin, mo rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Oyin ń bẹ, àdùn ń bẹ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn tó kí ọmọ ọmọ méjì máa mí sí ọ láyà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bíọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Á gbé ọmọ lọ́mú, á máa wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ó ku ẹnì kan tí yóò wọlé. Nígbà tí ìwọ́ wọn já, tó wá ku ká máa wẹ̀ wọ́n, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Bàbá mi, Màámi ò kọ́ mi. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n ti kó o lọ." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Délé sì ti sọ pé kí a má dààmú, Ìyá Ìjọ wọn ń bọ̀ lówùúrọ̀ Sátidé láti wá wẹ̀ wọ́n. Ta ni ọkùnrin láàárín obìnrin?

Sátidé dé, Táyé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó yàgbẹ́ dé ọrùn, ó sì fi ariwo bo ilé. Bíọ́lá ń sùn nínú yàrá. Mo bá bu omi sínú bàsíà, mo fi ìgúnpá kàn án wò. Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo tẹ́ ọmọ sórí ojúgun mi. Ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀: "Omi rèé, ọ̀rẹ́ rẹ ni. Orí rèé, ire ni yóò máa rù. Ẹsẹ̀ rèé, ilé ayọ̀ ni yóò máa gbé ọ rè." Mo fọ̀ ọ́, mo na apá, mo na ẹsẹ̀, mo jù ú sókè díẹ̀, mo gbà á. Délé fò dìde. "Ah-ah! Daddy, easy, easy! Ọmọ mi kì í ṣe bọ́ọ̀lù o!"

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni Ìyá Ìjọ bá wa pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. "Bàbá àgbà! Ṣé obìnrin ti tán ní Houston ni? Ẹ dìde, ẹ lọ wo tẹlifíṣọ̀n yín." Ó ti gbé Kẹ́hìndé, ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀. Mo dìde.

Ohùn Bíọ́lá ni a gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. N kò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. "Ìyá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ta ló wẹ Táyé?"

"Bàbá yín náà ni."

"Ṣé ọwọ́ ọ̀tọ̀ ni kó wá wẹ Kẹ́hìndé?"

Ta ni kò mọ̀ nínú wa pé ohun tí a bá ṣe fún Táyé la gbọ́dọ̀ ṣe fún Kẹ́hìndé? Ìyá Ìjọ wo Kẹ́hìndé bí ẹni pé ọmọ náà àti Táyé ti gbìmọ̀ pọ̀ lòdì sí òun. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò tíì gbédè, ẹ ti ń dájọ́! Bàbá, ẹ na ẹsẹ̀ yín padà. Ọwọ́ tó wẹ Táyé ni kó wẹ Kẹ́hìndé." Ó jókòó, ó di táwẹ̀lì mú, kò sì yéé pàṣẹ: "Ẹ̀yìn etí rẹ̀! Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn etí, ìyá àgbà onírùngbọ̀n!" Orúkọ tó lẹ̀ mọ́ mi ní gbogbo ìjọ nìyẹn.

Bíọ́lá jókòó tì mí nílẹ̀. "Bàbá mi, ọ̀rọ̀ Màámi nìyẹn. Ta ló kọ́ yín?" Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi ni ìyá rẹ̀ máa ń gbé bàsíà kalẹ̀ sí. Bí mo ti ń rán aṣọ, mo ń gbọ́. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un sọ. Lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ jẹun yó, ó jẹ iyán tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún rò, ó tún béèrè sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń wẹ̀ wọ́n, yóò jókòó tì mí, ẹnu rẹ̀ a máa mì wúyẹ́wúyẹ́.

Àkókò tí ìjọba Amẹ́ríkà fún mi pé, mo padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, arìnrìn-àjò kan mú kásẹ́ẹ̀tì wá fún mi. Mo fi í sínú rédíò. Mo gbọ́ omi tó ń ta. Mo gbọ́ igbe Táyé, Kẹ́hìndé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Délé ń pariwo, "Easy, easy!" Lẹ́yìn náà, obìnrin kan sọ pé, "Omi rèé, ọ̀rẹ́ rẹ ni." Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Ọlọ́run ló mọ̀, ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó mọ̀ pé Bíọ́lá ni, pé kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n lọ́la, bí ìyàwó yín bá gbé omi ọmọ kalẹ̀, ẹ má ṣe jáde nílé.