Lẹ́tà Kan Tó Ṣì Nínú Ẹ̀jẹ̀ Mi

Ẹ ti fura sí mi tipẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ló kàn ń tì yín láti bi mí. Ẹni tó bá ń pariwo òtítọ́ tó bí mo ṣe ń pariwo rẹ̀, dandan ni kó ní irọ́ kan nípamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri.

Orí àga ni bàbá wa kú sí. Iṣan ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà tọwọ́, títí wọn ò fi lè gbé ife omi. Nígbà yẹn mo ti di ọ̀gá ní yàrá àyẹ̀wò, mo sì ń múra àtifẹ́ ìyá yín. Bàbá ìyá yín ní, "Mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá. Àìsàn bàbá rẹ yẹn, mi ò fẹ́ ẹ nílé mi." Mo gba ẹ̀jẹ̀ tèmi àti ti àbúrò mi káfíńtà. Tirẹ̀ mọ́. Nínú tèmi, lẹ́tà kan ṣì nínú jíìnì, ìwé àjogúnbá inú ara, tó ń ṣàkóso iṣan. Ẹyọ kan péré! Mo pààrọ̀ bébà orúkọ tó wà lára ìgò méjèèjì. Kò pẹ́ ju kéèyàn fun imú lọ.

Èyí tó burú jù ló kù. Àfẹ́sọ́nà àbúrò mi, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ, tẹ̀lé e wá sí ọ́fíìsì mi. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kì í ṣe ìwé yín ló ń purọ́?" Mo tún gíláàsì ojú mi ṣe (ẹ wo agbéraga!), mo ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́." Àbúrò mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ò lè ṣì mí lọ́nà. Mi ò ní bímọ sínú ìyà." Ó ní kí obìnrin náà máa lọ. Ibùsùn tó ti kàn sílẹ̀ de ìyàwó rẹ̀, èmi ló fún. Mo gbà á. Òun ni mo sùn lé yìí, níbi tí ọjọ́ ogbó dá mi dùbúlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin náà, mo bí yín bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Bí ọ̀kan nínú yín bá ṣubú, àyà mi á já.

Síbẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọ́ni pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara, ló gbé odidi ìwé ara lọ́wọ́, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ojú kì í ṣí ojú ìwé ẹ̀dọ̀. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà ló ń ṣí. Kódà, lójú ìwé tó ṣí, ó láwọn ìlà tó ń gé dànù kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Kì í ṣe gbogbo ohun tí a kọ là ń kà!" Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún àbúrò mi níjẹta. Ó ń fi ṣíbí bu omi sí mi lẹ́nu lọ́wọ́. "Ẹ mu omi yín, Bọ̀ọ̀dá." Ó tún bu ṣíbí kejì sí mi lẹ́nu. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Nítorí tiyín ni mo ṣe fi ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ náà ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ti dọ̀gá ní láàbù báyìí, kó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Èmi fúnra mi ò wò ó lẹ́ẹ̀kejì rí. Ìbẹ̀rù ò jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wá láàárọ̀ yìí. Kò jókòó.

"Sà, lẹ́tà tó ṣì yẹn, inú ìlà tí sẹ́ẹ̀lì ń gé dànù ló wà. Kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."