Ẹ́ńjìnnì Tí O Fi Pààrọ̀ Garawa

Má bu omi fún mi, òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí. Jókòó. Mo ní kí o jókòó, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ìwọ Onímọ́tótó tí wọn kì í rí ewé kan nílẹ̀ àgbàlá rẹ. Jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Má wulẹ̀ fi ara bo garawa yẹn, mo ti rí i. Ó dára. Ó ní ìdérí. O fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó la ẹnu. Ẹ́ńjìnnì bàbá wa ló di nǹkan tó ń la ẹnu gba èèpo ọsàn yìí, Olúwa ló mọ ohun tí mo ṣe.

Mọ́tò yẹn sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Ṣé o gbọ́ mi? Mọ́tò Faransé bàbá wa, èyí tó gbé ìwọ alára lọ sílé ìwé, tí mo fi ń gbé aṣọ oníbàárà mi, ẹ̀yìn ló ń rìn láti ọ̀sán àná. Tí mo bá fi sí gíà kìíní, ẹ̀yìn. Gíà kejì, ẹ̀yìn, ó tún wá ń yára. Gíà kẹta, n ò dán an wò, ṣé ikú ni mò ń wá ni? Rìfáàsì nìkan ló ń gbé e lọ síwájú. Má rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín, mo ń wo ẹnu rẹ.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ létí, torí ò ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn ọ́. Oṣù keje rèé tí ẹ́ńjìnnì yẹn là níkùn. Kò-sí-wàhálà mẹkáníìkì ló yọ ọ́ jáde, òun náà ló ní kò ṣeé tún ṣe mọ́, ká wá irú rẹ̀. Àgbàlá tèmi, o mọ̀ ọ́n, okùn ìsáṣọ ló kún ibẹ̀ láti ògiri dé ògiri, aṣọ ibùsùn funfun báláú tàwọn onílé ìtura ni mo ń sá síbẹ̀, ṣé àárín ìyẹn ni màá gbé irin tó ń kán ọ́ìlì sílẹ̀ sí? Ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ. Mo fi ọ̀rá nínípọn wé e, mo fi okùn dì í, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn gan-an, mo ní, àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan yìí. Kí lo dá mi lóhùn? O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀." Èmi òmùgọ̀, mo fọkàn balẹ̀.

Mo gbọ́, àwọn àna rẹ ń bọ̀. Ó dáa, èèyàn gbọ́dọ̀ tún ilé ṣe de àna. Ṣùgbọ́n tí o bá gbálẹ̀, gbálẹ̀, tí o dé ìdí ẹrù ẹlẹ́rù, ṣé fóònù rẹ ò láago ni? Ẹni tó ń ra àlòkù irin ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, o pè é wọlé, o bá a tì í sórí ọmọlanke, ó fún ọ ní garawa ìdalẹ̀nù, o dúpẹ́.

Kí lo wí? Pé ó ti kú? Èmi náà mọ̀ pé ó ti kú. Ta ló sọ fún ọ pé òkú ò wúlò? Òkú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń wá ààyè rẹ̀. Lọ sí ìsọ̀ èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: ẹ mú ti tẹ́lẹ̀ wá ká fi wé e. Ìbáà ṣe ẹyọ bóòtù kan lo fẹ́ rà. Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Mo rìn títí ẹsẹ̀ mi wú. Mo fi fọ́tò mọ́tò hàn wọ́n, wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó, wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n ní bàbá àwọn gun irú rẹ̀ rí. Ṣé oríyìn ni mo wá gbà? Ọ̀kan ní òun ní èyí tó máa wọ̀ ọ́, a gbé e délé, ó fi ìka mẹ́rin ga ju àyè rẹ̀ lọ. O mọ̀ pé àárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò yẹn ń gbé, lábẹ́ ìdérí kan báyìí. Ọkùnrin yẹn ní ká gé ìdérí náà. Mo ní ká kọ́kọ́ gé orí tirẹ̀.

Hẹn? Pé kí ló dé tí a ò kúkú wá mọ́tò mìíràn? Ṣé ọmọ bàbá yẹn ni ọ́ àbí wọ́n kàn gbà ọ́ tọ́ ni? Orúnkún bàbá kì í ká mọ́. Mọ́tò Faransé yẹn, táyà iwájú ló ń fà á, kò sí irin tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ilé. O ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, o ti bàbá wọlé tòun ti àga onítáyà wọn, ó parí. Ìgbà tí a yá mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé bàbá sókè bí ẹni gbé kọ́bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ bàbá kan kọ́ ilẹ̀kùn. O wà níbẹ̀. O gbọ́ igbe yẹn. Bàbá ní láéláé, àwọn ò ní wọ mọ́tò mìíràn mọ́. Mo ní ká bẹ ilé ìwòsàn kí wọ́n fi mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn gbé bàbá, bàbá ní ẹni tó ń dùbúlẹ̀ ló ń wọ ìyẹn, òun ṣì ń jókòó.

Bẹ́ẹ̀ màmá àgbà wà lórí ibùsùn lódìkejì ìlú. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù fún bàbá láyé, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí wọ́n má pè mí: ṣé àbúrò àwọn ti ń bọ̀? Èmi á gbé fóònù sílẹ̀, màá bá bàbá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ti wọ bàtà láti aago mẹ́sàn-án: ṣé ẹ́ńjìnnì ti dé? Oṣù méje, àbúrò mi. Ọ̀nà ìdajì wákàtí. Fóònù ń bà mí lẹ́rù báyìí. Tó bá ti dún, màá ní ó ti ṣẹlẹ̀, màmá àgbà ti lọ, bàbá ò sì rí wọn. Kí ni màá wá sọ fún bàbá? Pé torí àna rẹ tó wá kí ọ ni?

Ìgbà tí n ò mọ ohun tí màá ṣe mọ́ ni mo gé páálí. Páálí bisikíìtì. Èmi, ní ọjọ́ orí yìí, mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo gbé páálí lé ojú àpótí gíà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń dè mọ́ ọn, mo fi ìka tó kún fún gírísì tẹ ihò bóòtù síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni mo ń gbé láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, bí ẹni tó ń gbé fọ́tò ọmọ tó sọnù kiri. Títí bàbá arúgbó kan fi gbé páálí mi lé ara ẹ́ńjìnnì kan, gbogbo ihò ṣe rẹ́gí. Mo sunkún níbẹ̀. Bàbá arúgbó yẹn ló ń fi aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ nu ojú mi, ó kó gírísì bá gbogbo ojú mi.

Lánàá, Kò-sí-wàhálà dè é. Bóòtù wọlé wẹ́rẹ́. Ó ṣáná sí i, ó dún kíkankíkan, bàbá ń pàtẹ́wọ́ lórí àga wọn. Mo wọlé, mo fi sí gíà kìíní, mo tẹná, ni mo bá fi ẹ̀yìn wọ àárín aṣọ tí mo sá. Aṣọ ibùsùn mẹ́rìnlá, àbúrò mi. Mo tún wọn fọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ṣé o mọ ohun tí Kò-sí-wàhálà sọ? Ó ní ọwọ́ òdì ni ẹ́ńjìnnì yìí ń yí sí. Ó ní ká ní ti tẹ́lẹ̀ wà nílẹ̀ ni, ká gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, apá tí abẹ fáànù wọn kọjú sí ì bá ti fi hàn wá. Páálí ò ní fáànù. Páálí kì í yí. Mo ní ṣé a ò lè yí nǹkan kan padà, ó ní àfi kí a rí ti tẹ́lẹ̀. Mo ti lọ bá ẹni tó ra irin lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ti yọ́ ọ. Ó ní bóyá ó ti di ìkòkò. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Kò-sí-wàhálà gbà pé wàhálà wà.

Láàárọ̀ yìí, mo pe màmá àgbà fúnra mi, mo ní kí n kúkú sọ òótọ́. Mo ní màmá, ẹ́ńjìnnì ti dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mọ́tò ń rìn. Wọ́n wá ní, "Ṣé ó ṣáà ń rìn? Kó fi ẹ̀yìn wá. Mo mọ ìpàkọ́ rẹ̀, èmi ni mo ń fá a fún un ní kékeré."

Wò ó, ẹ̀rín ti wá pa mí. Èmi tí mò ń bá ọ jà. Rẹ́rìn-ín, ó yá, rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n dìde. A ń gbé bàbá lọ lónìí, rìfáàsì la máa fi lọ síwájú, bí ìgbín, Kò-sí-wàhálà ní ká máa dúró kó máa tutù. Ìwọ lo máa rìn níwájú, wàá máa juwọ́ sáwọn onímọ́tò pé kí wọ́n rọra. Wọ bàtà tó dáa. Kó o sì gbé garawa yẹn dání, omi tá a máa bù sí ẹ́ńjìnnì ló máa gbé. Kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, Onímọ́tótó.