Ilé Ìyá Oyin Ni Mo Tẹ́ Sí Yàrá Mi

Edé ni mo ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, àtẹ wà lórí itan mi, mo ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú edé tí mo fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Obìnrin kan tí a jọ ń tajà ń wa ọkọ̀ kọjá. Ó fi àjẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, ó ní, "Ìyá Dire, ṣé o ti gbọ́? Ìyá Oyin ti lọ o."

Mo bi í pé ibo ló lọ.

"Ibo tún ni? Ibi tí àgbà ń lọ." Ó mi orí. "Agídí ló pa á. Ẹni tó nílé, tó wá lọ kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé!"

Orí ilé Ìyá Oyin gan-an ni mo jókòó lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi kò mọ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀. N kò ní í dárúkọ ìlú tí mo wà, nítorí ọjà ibẹ̀ kò tóbi, wọn á mọ̀ mí. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọ olóògbé náà ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lórí ilẹ̀ líle lè má mọ bí ilé tiwa ṣe rí ní etí òkun. Orí òpó ni a ń kọ́ ọ sí. Pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀ yàrá, omi ń lọ lábẹ́. Bí òkun bá ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀, a kì í dúró dè é. A ó tú ilé náà ní pákó kọ̀ọ̀kan, a ó yọ ìṣó, a ó dì í bí ẹrù, a ó fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi tí ilẹ̀ ṣì wà, a ó sì tún un kàn. Nítorí náà, lọ́dọ̀ wa, ẹni tí pákó ilé rẹ̀ bá ṣì wà, a kì í pè é ní aláìnílé. Ilé rẹ̀ wà. Ó kàn wà ní dídì ni.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe dàgbà ní Aráròmí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi tú ilé wa. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òkun kò jẹ́ kó rí i tú.

Ìyá Oyin wá láti apá Abereke. Opó ni. Ọkọ̀ kan ló gbé òun àti ilé rẹ̀ dé ìlú wa, pákó tí wọ́n fi okùn dì sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó ti fi ọ̀bẹ gé àmì sí etí pákó kọ̀ọ̀kan: ẹyọ kan fún yàrá, méjì fún pálọ̀, mẹ́ta fún ibi ìdáná, kí ẹni tó bá máa tún un kàn má baà ṣì í. Ó kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ èbúté, ó ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ kan nítòsí tèmi nínú ọjà, ó ń retí kí ìdílé rẹ̀ ní Òde Mahin fún un láàyè tí yóò gbé ilé rẹ̀ kà.

Òun nìkan kọ́. Àwọn tí òkun lé pọ̀ nínú ọjà lọ́dún náà. Asùnlọ́jà ni ìlú ń pè wọ́n. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, asùnlọ́jà ni. Bí ẹnì kan bá yàgbẹ́ sí etí omi, asùnlọ́jà ni. Nínú ìpàdé àwa ọlọ́jà, ìyá kan dìde, ó ní, "Ọjà kì í ṣe ilé! Ẹni tí òkun bá lé, kó padà lọ bá òkun ṣẹjọ́!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi tí kò tíì pé ọdún méjì tí mo dé, èmi tí omi gbé ilé bàbá mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá dákẹ́, ẹnì kan á rántí ibi tí mo ti wá.

Wọ́n kọ ìwé sí ìjọba pé kí wọ́n wá kó àwọn asùnlọ́jà kúrò. Mo fọwọ́ sí i. Nítorí pé mo ka ìwé girama, tí ọwọ́ mi sì dára, èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kọ. Mo kọ ọ́ létòlétò. Mo fi rúlà fa ìlà sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí lọ́rì dé, Ìyá Oyin sáré wá bá mi. Wọ́n ní ènìyàn nìkan ni lọ́rì máa gbé, kò gbọdọ̀ sí ẹrù. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, bá mi ṣọ́ ilé mi." Mo ní mo ti gbọ́, Yèyé. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí lọ́rì kó tó yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́: "Má gba ayálégbé sí i o!"

Kò mọ̀ pé mo fọwọ́ sí ìwé. Títí tó fi kú, kò mọ̀.

Ilé ìwé kan tí wọn kò lò mọ́, ní ìlú tó jìnnà sí omi, ni wọ́n já wọn sí.

Ní oṣù kejì tí wọ́n lọ, ilẹ̀ yàrá wa já. Ilé tí ọkọ mi rà náà ti gbó, pákó rẹ̀ ti jẹrà. Ọmọ mi Dire ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dáadáa ni. Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ inú ihò dé itan, omi sì kún nísàlẹ̀. Ọkọ mi wà lójú agbami pẹ̀lú àwọn apẹja. Mo fà á yọ, mo gbé e mọ́ra, àwa méjèèjì jọ ń sunkún.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí èbúté, mo tú okùn, mo mú pákó méjì. Mo sọ lọ́kàn mi pé n ó dá a padà kí Yèyé tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo mú mẹ́rin. Pákó náà dára, ó nípọn, kòkòrò kò fọwọ́ kàn án. Kí oṣù tó parí, mo ti fi ilé Ìyá Oyin tẹ́ gbogbo yàrá wa, mo sì fi ìyókù yí ibi tí mo ti ń yan ẹja ká. Àwọn tó gùn jù, mo fi ayùn gé wọn.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yàrá wò. Mo ní Yèyé tà á fún mi ni. Ó ní, "O mọ nǹkan rà."

Láti ìgbà náà ni n kò ti ní ìsinmi. Bí omi bá kún, tó ń kan abẹ́ ilé, àwọn pákó náà máa ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn á wà lójú ọ̀run. Á dún láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á dúró, á tún padà, bí àgbàlagbà tó rọra ń rìn. Dire á ní, "Mọ́mì, ta ló wọlé?" N kò náání àmì tí ọkọ rẹ̀ gé nígbà tí mo ń kàn án. Pákó ibi ìdáná wà ní yàrá, pákó yàrá wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ń gbọ́ ọ, bí ẹni tó ń wá yàrá rẹ̀ kiri tí kò rí i ló máa ń rí létí mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Yèyé rán àwọn ọlọ́jà sí mi pé ilé òun ńkọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ilé wà, kò sóhun tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n èyí tí n kò lè gbàgbé nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ó yá fóònù ẹnì kan, ó pè mí. Inú yàrá ni mo dúró sí.

"Ọmọ mi, ṣé òjò ò máa pa ilé mi?"

"Òjò ò pa á, Yèyé."

"Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ìwọ náà." Ó wúkọ́ títí. Ó wá sọ fún mi pé àwọn kan ti kọ́ yàrá fún àwọn tí òkun lé, wọ́n ń kọ orúkọ aláìnílé. Wọ́n bi í pé ṣé ó nílé. "Mo ní mo nílé. Mo ní kí wọ́n fún ẹni tí kò ní. Ṣé n ó wá purọ́ nítorí yàrá ni?"

Gbólóhùn kan ló kù kí n sọ. Kí n ní, Yèyé, ẹ padà, ẹ kọ orúkọ yín, ẹ kò nílé mọ́. N kò sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Yèyé."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn títí òjò ọdún yìí fi dé.

Lọ́jọ́ kẹta tó kú, Oyin, ọmọ rẹ̀, pè mí. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, Màámi ò yé dárúkọ yín. Ẹbí ti fún wa láàyè ní Òde Mahin. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ ńlá wá gbé pákó náà, ká tètè kàn án, kí wọ́n lè ti inú ilé ara wọn jáde lọ sí sàréè." Òkú ṣì wà ní mọ́ṣúárì, ilé ló ń dúró dè. Mo ní kó máa bọ̀.

Irọ́ kan wà lẹ́nu mi, ó ti ṣetán. Kí n ní àwọn asùnlọ́jà tuntun ló jí i. Gbogbo ìlú ló máa gbà mí gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tó ń ka ìwé yìí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n pe Oyin kó tó wọkọ̀, kí n jẹ́wọ́ fún un lórí fóònù? Àbí kí n dúró kó dé, kí n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní èbúté, lójú ọjà? Pákó tí mo gé kò lè so mọ́ra mọ́. Àwọn tó wà níbi ẹja ti dúdú. Ṣé a lè gbé òkú ìyá ènìyàn jáde láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀? Ọkọ mi kò tíì ti ojú omi dé. Bó bá dé, ṣé yóò jẹ́ kí n wà níbẹ̀? Ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ má wo ojú mi.

Lánàá, mo mú òòlù, mo yọ pákó àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dire jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo omi láti ojú ihò náà. Ó béèrè ohun tí mo ń ṣe. Mo sọ fún un pé ilé ìyá àgbà kan ni à ń sùn lé, pé ó ní kí n bá òun ṣọ́ ọ, èmi sì gbé e, pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá gbà á.

Ó ní, "Tí wọ́n bá gbé e lọ tán, níbo làwa máa sùn?"

Mo sọ fún un pé mi ò tíì mọ̀.