Ẹyẹ Tí Mo Gbẹ́ Sídìí Ìbọn

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára mi, ó sì ní kí Ọlọ́run ṣàánú mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí mi ò mọ iye ọjọ́ tó kù. Nínú yàrá tí mo wà yìí, bí wọ́dà bá ń rẹ́rìn-ín lóde, mo máa ń rò pé èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá tètè gbé ẹ̀bà wá ju bí wọ́n ṣe máa ń gbé e wá lọ, mi ò ní fọwọ́ kàn án, màá kàn máa wò ó. Ìfura ló gbé mi débí, kò sì tíì fi mí sílẹ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta girama, mo ní ó tó. Ìjókòó yẹn ń sú mi. Bàbá mi, tí wọ́n ń gbin iṣu lọ́nà Irawo, mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rábì, àgbẹ̀dẹ tó ń ṣe ìbọn ọdẹ, pé kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá la máa ń pè wọ́n. Àwọn ló ń rọ irin. Èmi àti Tìjání, tí mo bá níbẹ̀, la máa ń fi igi apá gbẹ́ ìdí ìbọn.

Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu o, àmọ́ kí n tó lo ọdún méjì níbẹ̀, ọwọ́ mi ti já fáfá ju ti Tìjání lọ. Tìjání lọ́ra. Ó lè fi ọjọ́ mẹ́rin gbẹ́ ìdí kan ṣoṣo. Á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, á gbé e kúrò, á fá díẹ̀, á tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í.

"Tìjá, ṣé o fẹ́ gbé igi yẹn níyàwó ni?"

"Ó sàn jù ẹ́ lọ. Igi kì í fọ́nnu."

Ọ̀gá ní òfin. Wọn kì í ta ìbọn fún ẹni tí olórí ọdẹ ìlú ẹ̀ ò bá mú wá. Bí ìbọn bá sì ti parí, láàárọ̀ a máa so ó mọ́ ìdí igi òrí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa á sá sẹ́yìn ògiri, a ó wá fi okùn gígùn fà á. Bó bá yìn dáadáa, ó di ìrọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́, ẹni tó gbẹ́ ìdí ẹ̀ gan-an ló máa gbé e sí èjìká lójú ẹni tó fẹ́ rà á, àwa yòókù á sì dúró tì í gbágbáágbá. Kò sẹ́ni tó ń lọ sẹ́yìn ògiri nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá á ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìẹ ni kó kọ́kọ́ kan igi tó o gbẹ́. Èyí tó ò bá lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì, má gbé e fún ọmọ ẹlòmíì."

Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹyẹ àṣá kékeré kan sí abẹ́ gbogbo ìdí ìbọn tí mo bá ṣe. Ẹyẹ yẹn dùn ún wò. Ìyẹ́ ẹ̀ pé.

"Ta ló ní kó o gbẹ́ ẹyẹ síbẹ̀?" Ọ̀gá bi mí.

"Kí wọ́n lè mọ ọwọ́ mi ni, Ọ̀gá."

"Ìbọn kì í ṣe ilẹ̀kùn ààfin. Jáwọ́ ńbẹ̀."

Mi ò jáwọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ọ̀gá àti Tìjání ti lọ kírun, èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó gbé ìbọn kan yẹ̀ wò, ó fi ìka ra ẹyẹ mi.

"Ìwọ lo gbẹ́ èyí?"

"Ta ló tún lè gbẹ́ ẹ?"

"Háà! Ìwọ lọ̀gá ńbí, àṣé. Àwọn tó kù kàn ń jẹ orúkọ ni."

Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo bi í pé olórí ọdẹ wọn dà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé títí lo máa fi gbàṣẹ lẹ́nu àgbàlagbà kó o tó ta iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ?"

Mo ní ìbọn kan tí mo fi pamọ́. Irin tí Ọ̀gá ti jù nù ni, mo wá gbẹ́ ìdí tèmi sí i. Kò sẹ́ni tó máa wá a. Mo gbé e fún un, ó fún mi ní fóònù ńlá kan, ó lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n kírun dé, Ọ̀gá bi mí níbo ni mo ti rí fóònù. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn.

Tìjání gbójú sókè níbi tó ti ń gbẹ́gi. "Ẹ̀gbọ́n wo? Ṣebí ìwọ ni dáwódù bàbá ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ọ̀gá náà padà sídìí irin wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Tìjání. Bó bá wúkọ́, màá wò ó. Bó bá gba ìpè, màá súnmọ́ ọn kí n lè gbọ́.

Kò tó oṣù méjì sí i, àwọn olè dá àgbẹ̀ kan lọ́nà Irawo, wọ́n yìnbọn fún un nítan. Kò kú, àmọ́ wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Nígbà táwọn ọdẹ lé àwọn olè yẹn, àwọn olè náà ju ìbọn kan sílẹ̀. Ọlọ́pàá wá ń gbé ìbọn náà kiri ṣọ́ọ̀bù àwọn àgbẹ̀dẹ, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀gá gbà á, wọ́n yí i padà. Mo rí i tí àtàǹpàkò wọn dúró lórí ẹyẹ mi, tó bò ó.

"Irin yìí ti gbó," Ọ̀gá ní. "Mi ò mọ ẹni tó ṣe é."

"Kò burú, Bàbá," ọlọ́pàá náà dáhùn. "Lọ́jọ́ márùn-ún òní, a ó padà wá yẹ gbogbo ìbọn tó wà ńbí wò."

Ọ̀gá tí kì í purọ́, wọ́n purọ́. Wọn ò sì bi mí ní nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló yí mi lórí. Kí ló dé tí wọn ò bi mí? Ta ni wọ́n ń bá sọ ọ́? Lọ́jọ́ kejì, mo bá Ọ̀gá àti Tìjání tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ẹwìrì. Bí mo ṣe wọlé, wọ́n dákẹ́. Kò pẹ́ ni Tìjání kó ìdí ìbọn mi mẹ́rin, gbogbo èyí tó ní ẹyẹ, sínú àpò.

"Ibo lò ń kó wọn lọ?"

"Ọ̀gá rán mi níṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?"

"Bi Ọ̀gá." Kò wojú mi.

Mi ò bi Ọ̀gá. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo rí i tó yà sọ́nà àgọ́ ọlọ́pàá, mo bá padà. Mo mọ̀ pé ọ̀nà yẹn náà ló lọ sílé ìyá ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ ọkàn mi ti sọ fún mi pé ẹ̀rí ló ń gbé lọ.

Ọjọ́ kejì ẹ̀ la fẹ́ gbé ìbọn kan fún bàbá ọdẹ kan tí olórí ọdẹ Òkèhò mú wá. Tìjání ló gbẹ́ ìdí ẹ̀. Láàárọ̀, a fi okùn fà á, ó yìn geerege. Nígbà tí wọ́n lọ kírun ọ̀sán, ó ku èmi àti ìbọn náà. Mo ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ má bi mí ohun tí mo ṣe, mi ò ní kọ́ ẹnì kankan.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wa jáde. Tìjání gbé ìbọn sí èjìká, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í bó ṣe máa ń ṣe. Ó pè mí.

"Afọ́nnu, súnmọ́bí, wá wo bí igi tí mo gbẹ́ ṣe ń sùn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Àwọn ará Òkèhò rẹ́rìn-ín. Mo lanu. Ọlọ́run gbọ́, mo lanu kí n pariwo. Ohun tó jáde ni, "Mò ń bọ̀." Mo sì rìn lọ sẹ́yìn ògiri.

Ìbọn náà bú.

Tìjání ò sọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ọ̀gá kúnlẹ̀ tì í, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn títí dé ìgùnpá. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, èmi ni wọ́n ń wò.

"Ìbọn tó yìn láàárọ̀ kì í bú nírọ̀lẹ́," wọ́n ní. "Kí ló gbé ẹ dé ẹ̀yìn ògiri?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mi ò rí irọ́ pa. Èmi tí ẹnu mi kì í gbẹ, ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́.

Ọ̀gá wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tó dá ẹjọ́ mi. Wọn ò jókòó.

"Mo ní kí Tìjání lọ fi fáìlì ha ẹyẹ ẹ kúrò, nílé ìyá ẹ̀, káwọn ọlọ́pàá tó padà dé," wọ́n ní. "Ohun tí kò dáa ni mo ṣe, èmi náà ti lọ sọ fún wọn. Mo fẹ́ lé ẹ lọ, òun ló bẹ̀ mí. Ó ní kí n má tíì bá ẹ sọ ọ́, pé ẹ̀rù á bà ẹ́, wàá sá lọ. Ó ní òun máa bá ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó bá ti yìnbọn ẹ̀ tán."

Mo ní, "Ṣé ó ha gbogbo ẹ̀ tán, Ọ̀gá?"

"Ó ku ẹyọ kan."

Wọ́n lọ. Wọn ò padà wá mọ́.

Mo kọ̀wé sí ìyá Tìjání lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí n má kọ̀wé sí àwọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sí yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tọ́wọ́ yín yá, tí gbogbo nǹkan ń lọ́ra jù lójú yín. Ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí tó ń pè ẹ́ lọ́gàá, kó o bi í ohun tó fẹ́ gbà. Bó o bá sì ti ṣe é, tójú ń tì ẹ́, lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lù ẹ́, kí wọ́n lé ẹ, wàá sì wà láàyè. Má dúró máa ka ojú èèyàn bí ìwé. Èmi tí mi ò parí ìwé, mo rò pé mo lè ka ojú Tìjání. Mo ṣì í kà, ó sì ti kú.

Ẹ gbà mí gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹni bíi tèmi ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbà gbọ́. Ẹ ṣáà gbà mí gbọ́.